Ọyẹ́ Reno Kò Jẹ́ Ká Wẹ Ọmọ

Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn ooru, ẹnu mi ni mo máa ń pa mọ́. "Ha, Aunty, Atlanta yìí fẹ́ pa wá o! Ẹ wo bí mo ṣe ń làágùn, mo mà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ni!" Wọ́n á máa fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara wọn. Èmi á máa wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn wọn, á sì máa ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n dúpẹ́. Ẹ dúpẹ́ pé omi wà lára yín tó lè jáde. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ẹni tí kò bá gbé Reno rí, kí ni mo fẹ́ sọ fún un nípa gbígbẹ?

Reno ni mo kọ́kọ́ gbé ní Amẹ́ríkà, ní Nevada, lápá ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ibẹ̀ náà ni mo bá a lọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé aṣálẹ̀ ni, inú mi dùn. Mo ní aṣálẹ̀ kẹ̀? Ooru nìyẹn, ilé ni mo ń lọ. Búbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo dì sínú àpótí, àti sálúbàtà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé aṣálẹ̀ tó tutù wà láyé.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Ẹni tó bá mọ Ṣakí mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá dé ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, eruku á bo orí páànù, a ó máa fi òrí para láàárọ̀ lálẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde síta ní Reno tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn wọ imú mi, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ọyẹ́ mà lèyí! Ọyẹ́ lásán-làsàn!" Ọkọ mi wò mí. Ó ti ṣáájú mi débẹ̀, ó mọ ohun tí ojú mi máa rí.

Ọyẹ́ Ṣakí ní ìgbà. Kó tó di Kérésì ló ń dé, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, ó ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ti Reno kì í palẹ̀ mọ́. Oòrùn á ràn gbòò, ojú ọ̀run á mọ́ roro bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, o ó rò pé búláòsì lásán ti tó; o jáde tán, òtútù á gbá ọ létí. Nígbà ooru wọn, ọ̀sán á fẹ́ sè ọ́ jinná, tó bá di ìrọ̀lẹ́ o ó máa wá kóòtù kiri. Lọ́jọ́ kan náà o! Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ẹrù aṣọ tí mò ń gbé dà bí ti ẹni tó ń kó jáde nílé. Atẹ́gùn á gbéra lọ́sàn-án láti orí òkè, á máa da iyanrìn sójú èèyàn. Yìnyín wọn pàápàá, gbígbẹ ni. Bí ìyẹ̀fun ló ṣe ń fò kiri, bí oòrùn bá sì ràn sí i, o ò ní rí omi tó ṣàn, á kàn pòórá ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òjò. Àwọn òkè gíga kan wà níwọ̀ oòrùn ìlú náà. Àwọn ló ń gba òjò jẹ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò ku nǹkan kan. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí ìkùukùu ṣú, tí òjò so rọ̀ láti inú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo sáré jáde, mo tẹ́wọ́. Ẹ̀kán kan kò kán sí mi lọ́wọ́. Òjò yẹn gbẹ sójú ọ̀run kó tó balẹ̀. Mo dúró láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì, mo ń sunkún òjò bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ọkọ mi wá fà mí wọlé.

Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, iná ta pà! lọ́wọ́ mi. Mo pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mo jù ú sílẹ̀, mo sá jáde. Obìnrin ará Mẹ́síkò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá fi yé mi pé gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló fà á, pé bí omi bá ti kúrò nínú afẹ́fẹ́, ara èèyàn á máa ta iná bí ó bá fọwọ́ kan nǹkan. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn á ta mí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á ta mí. Ọkọ mi fẹ́ dì mọ́ mi, imú mi ló ti kọ́kọ́ ta. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra fún ara wa nínú ilé tí kò ju yàrá kan àti pálọ̀ lọ.

Màmá mi á pè láti Ṣakí. "Ṣé ẹ̀ ń gbádùn ìlú òyìnbó?"

"À ń gbádùn, Màmá."

"Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Màmá." Tíṣù ni mo ki bọ imú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ìlú tí ẹ gbààwẹ̀ kí n tó dé ti ń mu ẹ̀jẹ̀ mi láti imú? Mo sọ pé à ń gbádùn. Kò sí irọ́ tó rẹ èèyàn tó irọ́ "à ń gbádùn."

Nígbà tí mo lóyún, a ní kí Màmá wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màmá mi jẹ́ fún yín. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ ni ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá bímọ lágbègbè wa, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí i, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó o, á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè ṣe róbótó, á na apá, á na ẹsẹ̀, á jù ú sókè, á hán an, á wá fi òrí pa á látòkè délẹ̀. Ọmọ á sùn fọnfọn. Láàárọ̀ lálẹ́ ni, kì í yẹ̀. Màmá ní ọmọ tí wọn ò bá wẹ̀ dáadáa, bó bá dàgbà tán, òórùn ara rẹ̀ ni yóò máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, àwọn èèyàn á sì máa bèèrè pé ta ló wẹ èyí?

Ó dé nígbà òtútù, òun àti kànrìnkàn tuntun mẹ́ta àti ike òrí kan. Ó ní, "Inú ọyẹ́ ni mo ti ń bọ̀, inú ọyẹ́ náà ni mo tún bọ́ sí. Kí ni ẹ̀ ń pariwo?" Mo bí Mofẹ́, ọmọbìnrin. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, n kò lè parọ́. Ilé tó ti dákẹ́ látìgbà tá a ti débẹ̀, omi ń dún nínú rẹ̀, ọmọ ń ké, Màmá ń kì í. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Mo ní, ó dáa, ilé ti wá bá mi.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Màmá wò ó. Ó ní ìdọ̀tí inú ìyá ló ń bọ́, wọn ò tíì bó o tó. Ó fi kún omi, ó fi kún ọwọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wẹ gbogbo wa? Bó ṣe ń bó o, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ń gbẹ háúháú. Òrí tó fi pa á, afẹ́fẹ́ gbà á mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ là, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ là, ó di láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ tá a fi wé e. Ọkọ mi gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọmọ forí lé ilé ìwòsàn.

Orí ẹsẹ̀ Màmá ni ọmọ wà nígbà tí dókítà wọlé. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, kò kanra mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bèèrè bá a ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un. Ó ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fi kànrìnkàn bó nǹkan, ó wá mi orí. Ó ní afẹ́fẹ́ ìlú yìí ti ń fa omi jáde lára ọmọ, bí a bá tún wá ń bó o láàárọ̀ lálẹ́, kí ni yóò kù lára rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Kò gbọdọ̀ sí kànrìnkàn.

Mo yíjú sí Màmá láti túmọ̀ rẹ̀. Ó ti ń wo ilẹ̀.

"Ó ní ọwọ́ mi ló ṣe ọmọ léṣe."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, Màmá. Afẹ́fẹ́ ibí ni."

"Mo rí ọwọ́ rẹ̀," Màmá ní. "Ọwọ́ kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì."

Màmá ò bá mi jà. Ká ní ó jà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ó ní kí n máa ṣe bí dókítà ti wí. Ó fọ kànrìnkàn, ó fi sójú fèrèsé, ibẹ̀ ló gbẹ sí tó le koránkorán, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Iṣẹ́ tó wá kù fún un ni pé kó máa rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi, kó máa fi wọ́n kọ́ yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ká, kí afẹ́fẹ́ lè rí omi mu níbòmíì. Kó tó kọ́ èyí tó kẹ́yìn tán, àkọ́kọ́ á ti gbẹ. Á tún padà. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó." Ó ní, "Kí n jókòó ṣe kí ni?"

Oṣù mẹ́fà la jọ ṣàdéhùn. Kò lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ tó fi ní òun fẹ́ máa lọ, pé ara òun ò gba òtútù. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ìgbà ooru ti ń bọ̀." Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, ẹ ṣeun, mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe." Gbogbo wa mọ̀ pé kò tíì ṣe é. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó na ọwọ́ láti fọwọ́ kan mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Iná ta pà. Àwa méjèèjì fò sẹ́yìn. Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ò fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ẹni rẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo sunkún délé.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń gbé ní Buford ló wá iṣẹ́ fún un ní agbègbè Atlanta yìí, bá a ṣe kó wá sí Riverdale nìyẹn. Mofẹ́ ti ń rìn nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ tá a dé, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lára kí n tó já ẹrù tán. Àwọn kòkòrò ń han nínú igi. Òjò wá rọ̀, ó sì balẹ̀! Mo gbọ́ tó ń dún gbì-gbì lórí mọ́tò. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ọkọ mi ní, "Ìyá Mofẹ́, jọ̀ọ́ wọlé, àwọn neighbor ń wò wá." Mo ní kí wọ́n máa wò.

N kò wá ní pé Atlanta di ilé o. Ó rẹ̀ mí níbí náà. Double shift ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bí mo bá sì wọ títì I-75 láàárọ̀, mo lè kọrin ìsìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí mọ́tò tó sún. Ara mi ti gba ibí, ọkàn mi ṣì ń ro ó wò. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa wẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ tí àwọn ọmọ wọn ò ráyè. Wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "You have good hands." Mo máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ ìyá mi ni. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n tán, kí n lọ jókòó sínú mọ́tò díẹ̀. Inú máa ń bí mi. Mò ń fi ọwọ́ ìyá mi wẹ gbogbo ayé, ìyá mi ò sì rí ọmọ tèmi wẹ̀.

Bí Màmá bá pè, ìbéèrè kan ni. "Ṣé ara Mofẹ́ ti dán?" "Ó ti dán, Màmá." Kì í bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé kò wẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà tó ti dé. Wọ́n ránṣẹ́ pè é títí, ó ní làkúrègbé ti mú òun lọ́wọ́. Làkúrègbé náà sì wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́ nígbà tó yá.

Nígbà tí oyún kejì dé, Mofẹ́ ti pé ọmọ ọdún méje. Mo mọ̀ pé èyí ló kù. Bí ọwọ́ yẹn bá le tán, tí kò bá wẹ ọmọ kan fún mi, ohun tí yóò gbé wọ ilẹ̀ ni pé òun ṣe ọmọ léṣe. Mo pè é. "Màmá, ẹ máa bọ̀."

"Kí n wá ṣe kí ni? Ṣebí ẹ ní dókítà."

"Ẹ wá wo ibi tí mò ń gbé ni, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pẹ́ kó tó gbà. Inú ooru gbígbóná gan-an ló dé. Ó jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fa imú. "Ibí yìí lómi," ó ní, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mofẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kaabo, Grandma." Màmá fọwọ́ pa á lẹ́yìn lórí aṣọ, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Mo bí ọmọkùnrin. Màmá gbé e, ó pọ̀n ọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ tí omi ń dún nínú báfúrúùmù, á jáde lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń wẹ àgbàlagbà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń dán omi wò kí n tó tẹ́ ọmọ kékeré sí i. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó má tún ní òun ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sú mi. Mo bomi sínú bàsíà, mo gbé e lọ bá a níbi tó jókòó sí. Mo mú kànrìnkàn, mo mú òrí, mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sí i lẹ́sẹ̀. Mofẹ́ ń wò wá látẹnu ọ̀nà.

Màmá ò fọwọ́ kan omi. "Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Mo ti bi dókítà ibí, Màmá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibí ò gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ fọwọ́ rọra."

Ó wo ojú mi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń tàn án. Ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó ki ọwọ́ bọ omi. Ìka rẹ̀ ò ká dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe gbá ọmọ lórí mú, mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ figbe ta. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Mofẹ́ ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ bàsíà. "Grandma, ṣe ẹ do mi like this too?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ò gbójú sókè. "Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ó ní. "N kò parí."

Mofẹ́ rò ó díẹ̀. Ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí ìyá mi. "Okay. Ẹ pari mi now."

Màmá gbé ọmọ fún mi nínú táwẹ́ẹ̀lì. Ó wo ẹ̀yìn Mofẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ látọrùn dé ìbàdí, níbi tó ti là nígbà yẹn. Ó ti jinná látọjọ́ pípẹ́. Ó mú kànrìnkàn. "Ó gbóná!" Mofẹ́ pariwo. Màmá ní, "Dákẹ́ jàre, omi gbígbóná kì í pa ọmọ Ṣakí." Ó yẹ kí n ti máa múra oúnjẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà, mo ń sunkún, n kò nu ojú.

"Fún mi ní òrí," Màmá ní, ó na ọwọ́ tútù sí mi. Mo gbé e fún un, ọwọ́ wa kan ara wọn. Àwa méjèèjì dúró díẹ̀, à ń retí. Kò sí ohun tó ta wá.